Ìsun Tútù Inú Ibú Òkun: Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí, àti Ìdáhùn Wọn

Ẹni tó bá ti jókòó sí etíkun Èkó rí, tó wo òkun títí, á mọ̀ pé ojú omi nìkan la máa ń rí. Ohun tó wà nísàlẹ̀, a ti fi í sílẹ̀ fún Olókun. Àwọn ìbéèrè yìí ló máa ń jáde bí mo bá ti mẹ́nu ba àwọn ẹ̀dá tó ń fi gáàsì ṣe oúnjẹ nínú ibú. Bí wọ́n ṣe wá ni mo ṣe dá wọn lóhùn.

Kí ni ìsun tútù gan-an?

Ẹ rántí ìsun omi inú oko, ibi tí omi ti ń sun jáde nínú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí kì í dá, tí ewéko ibẹ̀ sì máa ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo àyíká ti gbẹ. Irú ẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkun, àmọ́ kì í ṣe omi mímu ló ń sun níbẹ̀. Gáàsì tí wọ́n ń pè ní methane ni, òun náà ló pọ̀ jù nínú gáàsì tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo ń fi iná sun dànù ní Niger Delta. Gáàsì imí-ọjọ́ tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ máa ń bá a rìn. Ibòmíràn sì wà tí epo rọ̀bì tàbí omi iyọ̀ tó ki gan-an ń tẹ̀lé e.

Inú ẹrẹ̀ ni gáàsì náà ti wá. Fún àìmọye ọdún ni ẹrẹ̀ odò, ewé, àti òkú àwọn ẹ̀dá kéékèèké ojú òkun ti ń rọ̀ sórí ara wọn nísàlẹ̀. Èyí tó bọ́ sábẹ́ kò rí atẹ́gùn mọ́, ó jẹrà, ó di gáàsì. Èyí tó wọlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru inú ilẹ̀ sè é di epo àti gáàsì. Bí ilẹ̀ bá wá sán, tàbí tí òkìtì iyọ̀ tó wà lábẹ́ bá ti ilẹ̀ sókè, gáàsì á rí ojú ibi tí yóò gbà jáde.

Kí ló dé tí wọ́n fi pè é ní tútù?

Nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbóná. Ní 1977 ni wọ́n rí ìsun omi gbígbóná nísàlẹ̀ òkun nítòsí àwọn erékùṣù Galápagos, èyí tí iná inú ilẹ̀ ń sè. Omi irú ìsun bẹ́ẹ̀ lè gbóná dé nǹkan bí 400 lórí ìwọ̀n Celsius. Ti àbúrò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí omi tó yí i ká, tí í máa wà láàárín 2 sí 4 ní ibi tó jìn tó mítà 3,000. Nítorí náà kò tutù ju aládùúgbò rẹ̀ lọ. Wọ́n kàn fi orúkọ náà yà á sọ́tọ̀ ni.

Ta ló kọ́kọ́ rí i?

Àwọn tí kò wá a. Ní 1983, Charles Paull àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ òkúta, wọ ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré tó ń jẹ́ Alvin lọ wo ẹsẹ̀ ògiri òkúta ńlá kan tó wà lábẹ́ Gulf of Mexico, níwájú ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Ó jìn ju mítà 3,200 lọ. Dípò òkúta lásán, ẹ̀dá ni wọ́n bá: ekòló gígùn, oníkarahun ńláńlá, ìṣáwùrú, gbogbo wọn rọ́ mọ́ra wọn nínú òkùnkùn birimù, níbi tí omi iyọ̀ tó kún fún imí-ọjọ́ ti ń sun jáde. Wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1984. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn mìíràn ju àwọ̀n níwájú Louisiana, níbi tí epo ti ń yọ lábẹ́ òkun, tí àwọ̀n náà sì kó irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wá sókè.

Oòrùn ò dé ibẹ̀. Kí wá ni wọ́n ń jẹ?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Lórí ilẹ̀, oòrùn ni gbogbo wa ń jẹ, bí a ò tiẹ̀ mọ̀. Oòrùn ló ń bọ́ iṣu, òun ló ń bọ́ koríko tí ewúrẹ́ ń jẹ, àwa náà ń jẹ iṣu, a ń jẹ ewúrẹ́. Nínú ibú, kò sí ewéko kankan tó lè hù. Oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ibẹ̀ ń retí ni ìdọ̀tí àti òkú tó ń rọ̀ wálẹ̀ láti ojú òkun, ìwọ̀nba díẹ̀ tí àwọn ti òkè kò jẹ tán, bí ẹ̀rún orí tábìlì ọlọ́rọ̀ tí Lásárù ń wọ̀nà fún.

Ẹ̀dá ìsun tútù kì í dúró de ẹ̀rún. Nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀, níbi tí atẹ́gùn kò dé rárá, ẹ̀yà kòkòrò àìfojúrí méjì ń dòwò pọ̀. Ọ̀kan ń tú methane palẹ̀. Èkejì ń lo iyọ̀ imí-ọjọ́ tó wà nínú omi òkun bí àwa ṣe ń lo atẹ́gùn. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kò fẹ́ mọ́ ni ẹnì kejì ń gbà ṣe okun. Ní 2000, Antje Boetius àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Jámánì fi hàn bí wọ́n ṣe ń jókòó nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n bù ní Hydrate Ridge, níwájú ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà: nǹkan bí 100 ajẹ-methane á dì pọ̀ láàárín, àwọn ẹnì kejì á wá yí wọn ká bí èèpo ṣe ń bo èso.

Òwò wọn yìí ń bí ọmọ méjì. Àkọ́kọ́ ni gáàsì imí-ọjọ́. Èkejì ni èròjà tó ń dì mọ́ kálísíọ́ọ̀mù inú omi, tó ń di òkúta, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òkúta yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Gáàsì imí-ọjọ́ yìí májèlé ni. Ó lè pa èèyàn. Àmọ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn wà tó ń pò ó mọ́ atẹ́gùn inú omi, tí wọ́n ń rí agbára níbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi agbára yẹn ṣe oúnjẹ bí ewé ṣe ń fi oòrùn ṣe é. Àwọn ẹranko wá gba àwọn kòkòrò wọ̀nyí sínú ara wọn. Àjọṣe onílé àti ayálégbé ni: ẹranko pèsè ibùgbé, ó ń fa gáàsì àti atẹ́gùn wọlé fún wọn, wọ́n sì ń fi oúnjẹ san owó ilé.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìgbé ayé ibẹ̀ kò kan oòrùn rárá. Mi ò fara mọ́ ọn. Atẹ́gùn tí wọ́n ń pò mọ́ imí-ọjọ́ yẹn, àwọn ewéko àti ẹ̀dá kéékèèké tó ń gba oòrùn lókè ló ṣe é. Okùn náà tẹ́ńrẹ́, ṣùgbọ́n kò já.

Ṣé òótọ́ ni pé ekòló kan wà níbẹ̀ tí kò ní ẹnu?

Òótọ́ ni. Kò ní ẹnu, kò ní ìfun, kò sì ní ihò ìdí. Ekòló onípáìpù ni mo ń pè é, nítorí inú ọ̀pá kan tó fi ara rẹ̀ hun ló ń gbé. Lamellibrachia ni orúkọ tí ìwé sáyẹ́ǹsì fún ọ̀kan nínú wọn tó pọ̀ ní Gulf of Mexico. Ó lè gùn ju mítà 2 lọ. Ìyẹ́ pupa kan máa ń yọ lórí rẹ̀ láti gba atẹ́gùn. Ìdí rẹ̀ sì wọ inú ẹrẹ̀ lọ bí gbòǹgbò igi, ibẹ̀ ló ti ń fa imí-ọjọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pupa bíi tiwa, àmọ́ ó lè gbé atẹ́gùn àti imí-ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra lójú ọ̀nà. Ara tiwa ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ọjọ́ orí wọn. Charles Fisher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà fi àwọ̀ búlúù kun ọ̀pá wọn, wọ́n padà lọ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe gùn sí i, wọ́n sì ṣírò pé àwọn tó gùn jù ti lo ọdún 170 sí 250. Ìyẹn ni pé ekòló kan tó wà láàyè nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n lè ti wà níbẹ̀ láyé Baṣọ̀run Gáà ní Ọ̀yọ́. Ní 2017, ìwádìí mìíràn fi hàn pé ẹbí rẹ̀ kan tó ń gbé níbi tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, Escarpia laminata, lè kọjá 300 ọdún. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í yí padà, ọ̀tá wọn kò pọ̀, oúnjẹ kì í tètè tán. Kí ni wọ́n fẹ́ máa kánjú lọ ṣe?

Yàtọ̀ sí ekòló, àwọn wo ló tún wà níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oníkarahun aláwẹ́ méjì. Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. Oríṣi kan ń fi okùn tí ara rẹ̀ ń ṣe so mọ́ òkúta, ó ń kóra jọ bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, kòkòrò ajẹ-gáàsì sì ń gbé inú ìjàgbá rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà ara tó fi ń mí. Àwọn kan lára wọn, títí kan èyí tó wà níwájú etíkun Áfíríkà tiwa, ní ayálégbé méjì: ọ̀kan ń jẹ methane, èkejì ń jẹ imí-ọjọ́. Bí ọ̀kan bá wọ́n, wọn á gbára lé èkejì. Oríṣi kejì ń rì sínú ẹrẹ̀ dé ìdajì, ó ń fi ẹsẹ̀ wá imí-ọjọ́ nísàlẹ̀, ó sì ń fa atẹ́gùn lókè.

Lẹ́yìn náà ni ìbora funfun àti olómi ọsàn tó máa ń bo ẹrẹ̀ bí èéhù. Kòkòrò àìfojúrí ni gbogbo rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kọ́wọ́ di ẹní. Irú wọn kan tó ń gbé inú ẹrẹ̀ etíkun Namibia (kì í ṣe ìsun tútù gan-an, ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ ni òun náà ń lò) tóbi débi pé ẹyọ kan ṣoṣo lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mìlímítà. Ojú lásán lè rí i. Ní 1999 ni wọ́n gbé ìròyìn rẹ̀ jáde, wọ́n sì fi Namibia sọ ọ́ lórúkọ: Thiomargarita namibiensis.

Níwájú Costa Rica, alákàn funfun kan wà tó ń jẹ́ Kiwa puravida. Irun pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí ló sì fi irun náà ṣe oko fún. Á máa ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn lórí ìsun bí ẹni tó ń jó, kí gáàsì àti atẹ́gùn lè máa dé ara àwọn kòkòrò náà. Tó bá yá, á fi ẹnu ha wọn jẹ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ní 2011. Àgbẹ̀ tó ń jó sórí oko rẹ̀, èmi ò tíì rí irú ẹ̀ níbòmíràn.

Edé wà, ìṣáwùrú tó ń họ èéhù jẹ wà, kànrìnkàn òkun wà, ẹja wà. Nígbà tí Myriam Sibuet àti Karine Olu kó gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa ìsun 24 jọ ní 1998, ẹ̀yà 211 ni wọ́n kà. Nínú wọn, 64 ló ní ayálégbé tó ń bọ́ wọn. Láti ìgbà náà, ìsun tí wọ́n mọ̀ ti di púpọ̀púpọ̀, ẹ̀yà náà sì ń pọ̀ sí i.

Ṣé oríṣi ẹ̀dá ibẹ̀ pọ̀ ju ti ibòmíràn nínú ibú lọ ni?

Ìbéèrè yìí ló le jù, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń ṣì í dáhùn. Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: pípọ̀ èrò, àti pípọ̀ oríṣi.

Ní ti èrò, ìsun tútù kò lẹ́gbẹ́ láàárín ẹrẹ̀ tó yí i ká. Ẹ lè rìn fún kìlómítà mélòó kan lórí ẹrẹ̀ inú ibú kí ẹ má rí ju àmì ẹsẹ̀ ẹranko kan tàbí méjì lọ. Bí ẹ bá dé etí ìsun, òjijì ni gbogbo ilẹ̀ máa kún.

Ní ti oríṣi, ó yàtọ̀. Níbi tí gáàsì ti ń tú jáde jù, májèlé pọ̀ jù, atẹ́gùn sì wọ́n. Ìwọ̀nba ẹ̀yà tí ara wọn gbà á ló lè dúró. Ó dà bí ọjà kan tí èrò kún fọ́fọ́ àmọ́ tó jẹ́ pé ata nìkan ni gbogbo wọn ń tà. Ẹrẹ̀ lásán tó dà bíi pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ lè ní oríṣi ekòló wínníwínní tó pọ̀ ju ti àárín ìsun lọ.

Ṣé ìsun tútù kò wá fi nǹkan kan kún oríṣi ẹ̀dá inú ibú ni? Ó fi kún un gan-an, àmọ́ kì í ṣe ní ojú kan. Àkọ́kọ́, ẹ̀yà tó wà ní àárín kò sí nínú ẹrẹ̀ lásán, èyí tó wà nínú ẹrẹ̀ lásán kò sí ní àárín. Bí ẹ bá kà wọ́n pọ̀, àpapọ̀ ga. Ìkejì, etí ìsun, níbi tí gáàsì ti dín kù tí oúnjẹ sì ṣì pọ̀, ni tọ̀tún tòsì ti ń pàdé. Ìkẹta, ìsun kan kò jọ ìkejì. Èyí ń tú methane wùúwùú, tọ̀hún ń sun díẹ̀díẹ̀. Èyí ní iyọ̀, tọ̀hún ní epo. Èyí wà ní mítà 500, tọ̀hún ní mítà 3,000. Àwọn ẹ̀yà tí ẹ máa bá níbẹ̀ á yàtọ̀ síra. Ìkẹrin, ara ọ̀pá ekòló àti èèpo oníkarahun di ilé fún ẹgbàágbèje ẹ̀dá kéékèèké tí kò ní ibi tí wọ́n lè dìrọ̀ mọ́ lórí ẹrẹ̀ rírọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ba ìsun kan jẹ́ tó ní "ṣebí ọ̀pọ̀ ló kù" kò tíì lóye ọ̀rọ̀ náà. Kò sí èyí tó lè dúró rọ́pò òmíràn.

Ǹjẹ́ irú ẹ̀ wà ní òkun tiwa?

Ó wà. Odò Ọya ti ń kó ẹrẹ̀ dà sí Niger Delta fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún, débi pé ẹrẹ̀ náà nípọn ju kìlómítà 10 lọ níbi tó ki jù. Ibi tó fún wa ní epo rọ̀bì yẹn náà ló ń tú gáàsì. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ abẹ́ òkun níwájú Delta, àwọn ọkọ̀ ìwádìí ti rí ọ̀pọ̀ kòtò tí gáàsì gbẹ́, wọ́n ti fa yìnyín gáàsì (mo máa ṣàlàyé rẹ̀ láìpẹ́) jáde nínú ẹrẹ̀, wọ́n sì ti gbé irú òkúta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wá sókè.

Èyí tí wọ́n wò fínnífínní jù ní apá ibí yìí wà níwájú Congo. Regab ni wọ́n ń pè é. Nínú iṣẹ́ ìwádìí kan tí àjọ Ifremer ti ilẹ̀ Faransé àti ilé-iṣẹ́ epo kan jọ ṣe ni wọ́n ti rí i, ní nǹkan bí ọdún 2000. Kòtò ràgàjì kan ni, ó fẹ̀ tó mítà 800, ó sì wà ní nǹkan bí mítà 3,160 sábẹ́ omi. Kò jìnnà sí àfonífojì tí odò Congo gbẹ́ wọ inú òkun. Ní 2001, róbọ́ọ̀tì Victor 6000 sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀.

Onílé mẹ́ta ló ń ṣàkóso Regab. Oníkarahun asomọ́-òkúta gba ibi tí methane ti pọ̀ jù. Ekòló onípáìpù Escarpia southwardae kóra jọ bí igbó síbi òkúta. Oníkarahun inú ẹrẹ̀, tí wọ́n fi ibẹ̀ sọ lórúkọ, Christineconcha regab, gba ibi tí ẹrẹ̀ ti rọ̀. Lórí ilẹ̀ tí kò fẹ̀ tó kìlómítà kan, àdúgbò mẹ́ta, ìwà mẹ́ta, àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó sì ń gbé pẹ̀lú onílé kọ̀ọ̀kan kò rí bákan náà. Ohun tí mo ń sọ lókè yẹn gan-an nìyẹn.

Mo gbọ́ pé wọ́n ní ẹbí ní Amẹ́ríkà?

Bẹ́ẹ̀ ni, èyí sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 2010, Karine Olu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀dá ìsun Gulf of Guinea wé ti Gulf of Mexico àti ti ìtòsí Barbados. Ekòló onípáìpù àti oníkarahun asomọ́-òkúta lápá ọ̀hún jọ tiwa débi pé mọ̀lẹ́bí tó súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí ni wọ́n. Àwọn èèyàn wa ní Bahia àti Kúbà nìkan kọ́ ló ní ìbátan lẹ́bàá Òkun Àtìláńtíìkì ní ọ̀tún àti òsì.

Báwo ni wọ́n ṣe rìn ín? Ẹranko tó bá ti dàgbà kì í kúrò lójú kan, àmọ́ ọmọ wọn máa ń léfòó. Ìdin oníkarahun kan ní Gulf of Mexico lè wà nínú omi ju ọdún kan lọ kó tó jókòó, ó sì lè gòkè dé ìtòsí ojú òkun, níbi tí ìṣàn omi ti yára. Bí ìsun kan bá wà ní àárín ọ̀nà, ó lè sọ̀ síbẹ̀, kó bímọ, kí ọmọ náà tún lọ. Láti ìran dé ìran, wọ́n á ti sọdá.

Kí ni yìnyín tó ń jó?

Bí òtútù bá mú tí ìwúwo omi sì pọ̀, omi inú ẹrẹ̀ máa ń dì yí gáàsì ká, á sé e mọ́ inú. Á dà bí yìnyín funfun. Bí ẹ bá gbé e wá sókè tí ẹ ṣáná sí i, á jó, omi á sì máa kán sílẹ̀ lábẹ́ iná náà. Mítà kan lóròó, níbùú àti ní gíga rẹ̀ ń sé nǹkan bí 164 irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ti gáàsì mọ́ inú.

Ní 1997, ní nǹkan bí mítà 540 nínú Gulf of Mexico, ẹgbẹ́ Fisher rí òkìtì yìnyín yìí tó yọrí jáde nínú ẹrẹ̀. Ekòló aláwọ̀ òsùn fẹ́ẹ́rẹ́, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ti gbẹ́ ihò pẹlẹbẹ sára rẹ̀, kálukú wà nínú ihò tirẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wínníwínní gbá omi. Orí yìnyín gáàsì ni wọ́n fi ṣe ilé.

Adágún wà lábẹ́ òkun lóòótọ́?

Ó wà. Omi iyọ̀ tó sun jáde níbi òkìtì iyọ̀ máa ń wúwo ju omi òkun lọ, nítorí náà á dúró sínú kòtò, á sì ní èbúté tirẹ̀. Èyí tó lókìkí wà ní nǹkan bí mítà 650 nínú Gulf of Mexico. Oníkarahun yí etí rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń yí ọrùn ká. Ẹja tó bá ṣèèṣì wọ inú rẹ̀ kì í sábà jáde.

Ṣé a lè jẹ wọ́n?

Èmi ò ní jẹ ẹ́. Ẹran tó ń kó imí-ọjọ́ jọ sára, tó ń gbé ibi epo rọ̀bì, ẹ fi í sílẹ̀. Àmọ́ àwọn tí à ń jẹ ń jẹ níbẹ̀. Níwájú ìwọ̀-oòrùn Kánádà, alákàn tí àwọn apẹja ń tà máa ń wá jẹ èéhù ìsun. Àwọn ẹja irú yanyan kékeré kan sì máa ń yé ẹyin wọn sí ìtòsí ìsun, ní Chile àti ní Òkun Mẹditaréníà.

Methane ń mú kí ayé gbóná. Ṣé kò yẹ ká bẹ̀rù ìsun wọ̀nyí?

Ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí wọn. Láàárín 20 ọdún, methane ń mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 80 ju èéfín carbon dioxide lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú methane tó wà nínú ẹrẹ̀ òkun ni wọ́n ń jẹ tán kó tó rí omi. Èyí tó bá sá mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú ibú, ìhó rẹ̀ máa ń yòrò nínú omi kó tó dé òkè, àwọn kòkòrò mìíràn á sì jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ti omi tí kò jìn ló yàtọ̀, nítorí ìhó ibẹ̀ lè dé afẹ́fẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wá a nínú òkùnkùn bẹ́ẹ̀?

Ohùn ni wọ́n fi ń wá a. Ọkọ̀ á ta ohùn sísàlẹ̀, ìhó gáàsì á dá a padà, á sì hàn lójú kọ̀ǹpútà bí èéfín tó ń rú. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi rí nǹkan bí 570 ìsun níwájú etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 2014. Kó tó dìgbà náà, díẹ̀ ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rí ìhó, róbọ́ọ̀tì tàbí ọkọ̀ abẹ́ omi á sọ̀ kalẹ̀ lọ fi kámẹ́rà wò ó.

Ibo ló jìn jù tí wọ́n ti rí irú àwọn ẹ̀dá yìí?

Mítà 9,533, nínú yàrà jíjìn tó wà ní àríwá Òkun Pàsífíìkì. Àwọn ará Ṣáínà ló wọ ọkọ̀ Fendouzhe débẹ̀ ní 2024, ìròyìn náà jáde ní 2025. Ekòló onípáìpù àti oníkarahun ni wọ́n bá níbẹ̀, methane inú ẹrẹ̀ ló sì ń bọ́ wọn.

Àwọn ilé-iṣẹ́ epo ti wọ ibú. Ṣé wọn kò ní ba ibẹ̀ jẹ́?

Ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ibi tí gáàsì ti ń sun ni epo máa ń wà, nítorí náà ojú ibi kan náà ni awakùsà àti ekòló ń wò. Ní Nàìjíríà, láti 2005 ni wọ́n ti ń wa epo ní Bonga, níbi tí omi ti jìn ju mítà 1,000 lọ. Ẹrẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ jáde nínú kànga lè bo ẹ̀dá mọ́lẹ̀, ìdákọ̀ró àti wáyà lè fà wọ́n ya, àwọ̀n ńlá àwọn apẹja tó ń wọ́ nílẹ̀ sì lè hú gbogbo rẹ̀. Ohun tó lo 200 ọdún kó tó ga, ìṣẹ́jú kan tó láti wó o.

Ní 2010, kànga epo Macondo bẹ́ ní Gulf of Mexico. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n rí iyùn inú ibú (ẹ̀dá alààyè tó ń yọ ẹ̀ka bí igi) tí nǹkan dúdú ti bò, tí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ń kú, ní kìlómítà 11 sí ibẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ti ní òfin lórí èyí tẹ́lẹ̀: bí ẹ bá fẹ́ da ẹrẹ̀ kànga sílẹ̀ nínú ibú Gulf, ẹ gbọ́dọ̀ jìnnà sí agbo ẹ̀dá ìsun ní ẹsẹ̀ bàtà 2,000, ó kéré tán. Èrò tèmi ni pé kí a tó gbẹ́ ihò kan ṣoṣo sí ibú tiwa, ó yẹ kí fọ́tò ilẹ̀ ibẹ̀ wà níta fún gbogbo ará ìlú láti wò, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní kámẹ́rà tó pọ̀ tó.

Bí gáàsì bá tán, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wọn?

Wọ́n á kú, àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Ìsun náà ní ìgbà èwe àti ìgbà ogbó. Nígbà èwe, èéhù funfun ló kọ́kọ́ máa ń bo ẹrẹ̀, oníkarahun á tẹ̀lé e. Bí ọdún ti ń gorí ọdún tí òkúta ń dì sí i, gáàsì á máa dín kù, ekòló onípáìpù tó lè ta gbòǹgbò sísàlẹ̀ á gba ilẹ̀. Nígbà tí ìsun bá gbẹ tán, òkúta nìkan ló máa kù, òkúta líle láàárín ẹrẹ̀ rírọ̀ tí kò ní ìpẹ̀kun.

Iyùn á sì wá. Kì í ṣe gáàsì ló wá jẹ, ibi tó lè dúró sí ló ń wá, kó lè na ọwọ́ sínú ìṣàn omi. Ẹja àti alákàn á fi ẹ̀ka rẹ̀ ṣe ilé. Àwọn iyùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí epo Macondo bà jẹ́, orí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé.

Òkúta náà kì í tètè parẹ́. Nítòsí ìlú Pueblo ní ìpínlẹ̀ Colorado, níbi tí kò sí òkun nítòsí rárá lónìí, àwọn òkè ṣóńṣó kan tò lọ lórí pápá gbígbẹ. Ìsun tútù ni wọ́n, ní ohun tó lé ní 70 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun ṣì bo ibẹ̀. Bí ẹ bá gun ọ̀kan nínú wọn lónìí, ẹ lè fọwọ́ kan karahun aláwẹ́ méjì tó ti di òkúta, ó ṣì wà níbi tí gáàsì ti ń bọ́ ọ.